Ẹkún Tí A Sun fún Ìyàwó Tí Kò Lọ́kọ

Qiuyue ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń tutù bí omi kànga ti móoru báyìí? Èmi ìyá rẹ kí ọ, bàbá rẹ náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ló mì, kò la ẹnu, o sì mọ̀ pé bí bàbá rẹ bá ti mi orí, ó ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tán nìyẹn. Ìyá àgbà kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó gbàgbé pé òun ti kọ́kọ́ kí ọ. Kí àwọn àgbà ilé Ran tó sùn sórí òkè lẹ́yìn ilé máa fojú ṣọ́ ọ ní Wuhan níbẹ̀, kí omi ìlú ńlá má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu, kí ọkọ̀ máa yà fún ọ, kí olè má ṣe mọ ibi tí àpò rẹ wà, kí oorun má sì máa kùn ọ́ tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀. Àṣẹ.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò ti rọ̀, tíì ti rú ewé, láti àárọ̀ la ti máa ń wà lóko, ìka mi ti dúdú débi pé bí mo bá bu ìrẹsì, ìyá àgbà á ní mo ti jó o. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, tí òjò bá rọ̀ ó ní òjò ló fà á, tí oòrùn bá ràn ó ní oòrùn ni. Ẹlẹ́dẹ̀ wa sì ń sanra. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn gan-an ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, nítorí fóònù wa ti jábọ́ sínú ìkòkò oúnjẹ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ro ewé ọ̀dùnkún lórí iná, fóònù yọ̀ láti àyà mi, ó wọlé ṣìn-ìn, kí n tó fi igi wá a kàn ó ti ń hó pẹ̀lú oúnjẹ. Shuangmei, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, ní kí n rì í sínú àgbàdo gbígbẹ, mo rì í, ó kọ̀, kò jí. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ oúnjẹ náà tán, nǹkan kan ò ṣe é. Bàbá rẹ ní láti ọjọ́ náà, bí a bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ká máa lọ bi ẹlẹ́dẹ̀.

Ó dáa, mo ti kí ọ tán. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o wọ aṣọ funfun?

Dákẹ́ ná, má tíì dá mi lóhùn, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. O rántí ohun tó o sọ nígbà ọdún tuntun tá a jókòó yí iná ká. O ní Gẹ̀ẹ́sì ti borí rẹ. O ní o ṣe ìdánwò yẹn, o fìdí rẹmi, o tún un ṣe, o tún fìdí rẹmi, àti pé tí tíṣà bá ti pe orúkọ rẹ ní kíláàsì, ahọ́n rẹ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, àwọn ọmọ ìlú ńlá á sì máa wò ọ́. O ní tí ìgbà ooru bá ti dé o ò padà mọ́, wàá tẹ̀lé Dayong, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, lọ sí Guangdong, sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lẹ bàtà. Dayong tó jókòó níbẹ̀ ní kò burú, ó ní òun á fi àyè kan pamọ́ dè ọ́. Bàbá rẹ ń koná. Èmi fi ẹran gbígbẹ kún abọ́ rẹ. Nínú gbogbo ilé Ran, látorí ẹni tó kọ́kọ́ gbin tíì sórí òkè yìí, ìwọ nìkan lo wọ yunifásítì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni mò ń rò pé o fẹ́ sọ fún mi pé o ti wà nínú ọkọ̀ Guangdong.

Nígbà tó o wá pè pé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tuntun kan, Tíṣà Ouyang, ti dá àwọn ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn kíláàsì, pé o sì ti wọ ọ̀kan, inú mi dùn, nítorí ẹgbẹ́ dára. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ ìsìnkú níhìn-ín. Bí òkú bá ṣẹ̀ nílé ẹnì kan, ẹni tó máa gbé tábìlì á gbé tábìlì, ẹni tó máa fi ẹ̀wà ṣe tófù á ṣe tófù, ẹni tó máa jó á jó. Mo wá bi ọ́ pé kí ni ẹ ń gbé wá sí ẹgbẹ́ yín, o ní ẹ kì í gbé nǹkan kan wá. Mo ní ṣé ẹ ń bá ara yín sìnkú ni, o ní rárá. Mo ní kí wá lẹ̀ ń ṣe, o ní ẹ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní fún ta? O ní fún ara yín. Mo ní ṣé òyìnbó kan wà láàárín yín ni, o ní kò sí. Mo lọ sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ọmọ wa ń péjọ sábẹ́ igi, wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa nínú wọn, wọn ò gbé nǹkan wá, wọn ò jẹ nǹkan kan. Bàbá rẹ ronú títí, ó ní bóyá nǹkan tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn kí fídíò tó dé.

A gbé tíì lọ síbi ìwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà abúlé, Shuangmei sáré wá bá mi tòun ti fóònù rẹ̀, ó ní ìyá Qiuyue, ẹ wá wo nǹkan. Mo nu ọwọ́ mi, mo wò. Ìwọ ni mo rí. Aṣọ funfun láti ọrùn dé ilẹ̀, nǹkan funfun lórí bí àwọ̀n ẹ̀fọn, òdòdó lọ́wọ́. Ọmọkùnrin olójú gíláàsì kan dúró tì ọ́, òun ní tirẹ̀ dúdú ló wọ̀ láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan di ìwé mú níwájú yín, ó bi ọ́ ní nǹkan, o dáhùn, ó bi ọmọkùnrin náà, ó dáhùn, wọ́n ki òrùka bọ̀ ọ́ níka, èrò hó yèè, wọ́n ń da bébà wẹ́wẹ́ lé yín lórí. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀rín lò ń rín. Gbogbo eyín rẹ ló wà níta, títí kan èyí tó gun orí èkejì, tó o máa ń fọwọ́ bò láti kékeré.

Ìyá àgbà gba fóònù, ó na án jìnnà sójú, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ó jọ pé ìgbéyàwó ni. Ó tún wò ó. Ó ní irọ́ ni, ẹni tó ń lọ sílé ọkọ kì í wọ funfun, aṣọ ọ̀fọ̀ ni, ẹni tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ kì í rẹ́rìn-ín, nítorí náà ọmọ náà ti ya wèrè, kí wọ́n tètè lọ mú un wálé kó tó já sọ́jà.

Èmi ò rò pé o ya wèrè. Ohun tí mo rò burú ju ìyẹn lọ. Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ti sú ọ pátápátá, pé ojú ń tì ọ́ láti wá sọ fún wa, lo bá sá wọlé ọkọ bí ẹni tí òjò ká mọ́nà tó sá sábẹ́ òrùlé onílé. Mo ní ó ti tán, ọmọ mi ti fi ìwé sílẹ̀. Shuangmei pè ọ́ títí, o ò gbé e, obìnrin kan ló ń dá wa lóhùn pé a ò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀ ní báyìí. Mo ní ẹ jọ̀wọ́ mà, ìyá rẹ̀ ni mí, ibo ló wà? Kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. A pè é padà, ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ò yí padà, kò kí wa, kò bi wá bóyá a jí dáadáa. Mo wo Shuangmei, Shuangmei wò mí. Mo ní àṣé ìyá ọkọ nìyí. Mo ní ọmọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ obìnrin líle.

Bàbá rẹ jókòó sórí àpò tíì, kò dìde títí wọ́n fi wọn ti gbogbo èèyàn tán.

Qiuyue, ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó tí wọn ò sunkún lé kúrò nílé, ẹsẹ̀ òfìfo ló fi wọ ilé ọkọ. Ìyá mi sunkún lé mi títí ohùn rẹ̀ fi ha, àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó yí mi ká, àwa náà sun ún, ìgbà tí mo sì dé ilé bàbá rẹ ojú mi ti wú, gbogbo èèyàn ní hẹn-ẹn, ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn ọmọ lèyí ti wá. Mo wá rò ó pé bí ọmọ bá tiẹ̀ ṣe tirẹ̀ tí kò dáa, kí ìyá rẹ̀ ṣe tirẹ̀ tó dáa. Lọ́jọ́ kejì tí òjò ò jẹ́ ká lè já tíì, mo se omi gbígbóná, mo da èso òdòdó oòrùn sínú àwo, mo ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin. Màmá Xiang ló kọ́kọ́ dé. Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ẹkún ìyàwó sun bíi tirẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin ti ń gba ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọrin síbi ìgbéyàwó wọn, ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́. Ó ti wé orí rẹ̀ dáadáa, ó ti jẹ nǹkan tó ń la ohùn. Ó ní ìyàwó dà? Mo ní ìyàwó wà ní Wuhan. Ó ní òun ò lè sunkún fún òfuurufú. Ni mo bá gbé ẹ̀wù ilé ìwé rẹ àtijọ́, aláwọ̀ búlúù yẹn, kọ́ sórí àga láàárín wa, ó wò ó, ó ní ó tinrín díẹ̀ ṣùgbọ́n òun á gbìyànjú.

A sunkún, ó dùn. A sunkún fún òkè, a sunkún fún kànga, a sunkún fún ìyá àgbà, òun náà sunkún fún ara rẹ̀. Nígbà tó wá kan ibi tá a ti máa ń bú alárinà, gbogbo wa dúró, nítorí a ò mọ ẹni tí alárinà í ṣe. Ìyàwó tí wọn ò bú alárinà rẹ̀, ẹkún rẹ̀ ò tíì pé. Shuangmei ló ní ta ló kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́? Mo ní Tíṣà Ouyang. Ó ní ẹ rí i bí? Màmá Xiang bá lu itan rẹ̀, ó gbé e:

Alárinà o, ajá onílé méjì,
O jẹ egungun nílé wa, o tún lọ ń mì ìrù nílé ọkọ.
A ní kí o kọ́ ọmọ ní ABC, o kọ́ ọ ní òrùka,
A fà á lé ọ lọ́wọ́ fún ìwé, o fà á lé olójú gíláàsì lọ́wọ́.
Bó o bá gun òkè wa, kí bàtà rẹ já,
Bó o bá jẹ ata wa, kó má rí omi mu.

Ó tún wà lọ́pọ̀lọpọ̀, mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, àwọn ibi kan ò yẹ kí ọmọ kà.

Lẹ́yìn náà ló wá kàn mí. Mo ti mọ ohun tí màá sọ, ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò jáde. Ohun tó jáde ni pé, Qiuyue, ìwé rẹ ńkọ́, Qiuyue, ta ni yóò bá bàbá rẹ ka ọ̀rọ̀ wíńní-wíńní ara ìgò oògùn, Qiuyue, o ò ṣe kúkú wá bá mi sunkún nílé kó o tó juwọ́ sílẹ̀. Mo sun ún, ẹkún gidi, kì í ṣe ti àṣà. Màmá Xiang ní èyí dára púpọ̀, àmọ́ kí n gbé ohùn sókè díẹ̀ níparí.

Gbogbo ìgbà yẹn, Shuangmei ń gbà á sínú fóònù, a ò mọ̀. Ó wá fi ránṣẹ́ sí abẹ́ fídíò ìgbéyàwó rẹ, níbi tí gbogbo yunifásítì yín ti lè gbọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá ọkọ mọ̀ pé o lẹ́nìyàn.

Ẹni tó pè kì í ṣe ìyá ọkọ. Tíṣà Ouyang fúnra rẹ̀ ló pè, lórí fóònù Shuangmei. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn, mo ní ọlọ́pàá ti ń bọ̀, Màmá Xiang tó wà nítòsí rántí pé òun fi nǹkan sórí iná, ó lọ. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọdébìnrin ni mo gbọ́, ohùn tó rọra, ó ní ẹ káàsán Ìyá Qiuyue, èmi ni ajá onílé méjì.

Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé eré ni, ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ni ẹgbẹ́ tó o wọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ eré náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní òrùka ńkọ́? Ó ní ọ̀rá ni. Mo ní onírùngbọ̀n ńkọ́? Ó ní ọmọ kíláàsì yín ni, òwú ló lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Mo ní olójú gíláàsì ńkọ́? Ó ní ó ní àfẹ́sọ́nà tirẹ̀ nílùú rẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe di ọwọ́ rẹ mú yẹn ti pọ̀ jù fún eré. Mo ní obìnrin tí kì í kí èèyàn ńkọ́, èyí tó ń gbé fóònù rẹ? Ó ní obìnrin yẹn, gbogbo èèyàn ló máa ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo ní wọn ò kọ́ ọ nílé nìyẹn.

Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ fún mi. Ó ní nígbà tóun dé, ẹ jókòó ní kíláàsì bí adìyẹ tí òjò pa, ìwé yín ṣí, ẹnu yín pa dé, ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdánwò nìkan, ẹ sì kórìíra rẹ̀. Ó ní ẹni tí ojú ń tì láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí o bá fún un ní irùngbọ̀n òwú, á sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan tún wà tí ẹ ti ń se oúnjẹ, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa béèrè iyọ̀ àfi ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ti jẹ àtẹ́. Ó ní òmíràn wà tí wọ́n ti ń jiyàn, wọ́n á pín yín sí ọ̀nà méjì, ẹ ó sì máa já ara yín nírọ́ títí, àwọn èèyàn á wá máa pàtẹ́wọ́. Níhìn-ín tí ẹni méjì bá ń jiyàn, olórí abúlé là ń pè. Ṣùgbọ́n ká sọ pé ẹgbẹ́ yẹn lo wọ̀, ìwọ tó o bá mi jiyàn lórí ìwọ̀n iyọ̀ inú ata láti ìgbà tó o ti ń rá, ọ̀rọ̀ ìdánwò ì bá ti tán.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èébú. Ó ní kí n má tọrọ nǹkan kan. Ó ní òun ò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ nítorí èdè òkè wa, òun sì gbé e wá sí ẹgbẹ́ pé kí o wá túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló dé tí ìyá Qiuyue fi ń bú tíṣà, ọ̀kan ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń lé ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní ojú rẹ pọ́n. Ó ní òun rò pé wàá jókòó, nítorí láti ọjọ́ tóun ti mọ̀ ọ́, o ò sọ gbólóhùn méjì tẹ̀ léra rí tí kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ sínú bébà fún ọ. O ò jókòó. O dìde láìsí bébà, láìsí aṣọ funfun, o bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà. O ṣi ọ̀rọ̀ lò, o padà sẹ́yìn, o tún un mú, o fi bí Màmá Xiang ṣe ń lu itan hàn wọ́n, o ṣàlàyé alárinà, o ṣàlàyé àga, títí ilẹ̀ fi ń ṣú lábẹ́ igi yẹn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ibi tó o parí rẹ̀ sí ni pé:

“Nílé wa, bí wọn ò bá sunkún lé ọ, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé o lọ.”

Mo ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún mi bí o ṣe sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Mo ní kó jọ̀wọ́ tún un sọ. Ó tún un sọ. Ni mo bá bú sẹ́kún, Shuangmei ń di mí mú, ó ń bi mí pé kí ló sọ, kí ló sọ. Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi ló sọ ọ́.

Mo bi í pé ṣé wàá yege wàyí. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé ṣì pọ̀ tó o máa kà, ohun tóun lè sọ ni pé ẹni tó ń sá fún Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ti wá ń wá a kiri. Mo bi í pé ṣé o sọ fún un pé o fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní o ò sọ nǹkan kan fún òun. Ẹ̀rù tún bà mí, Qiuyue, nítorí o ò sọ nǹkan kan fún àwa náà.

Kí n má gbàgbé. Tíṣà yín ní tí ẹ bá fẹ́ ṣe eré ìparí ọdún ìwé, kí Màmá Xiang àti àwa obìnrin wá sunkún lórí ìtàgé, ìwọ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wàá máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tá à ń sun. Màmá Xiang ti gbà. Ó ń béèrè bóyá àga yín ní ẹ̀yìn, ó sì ní kẹ́ ẹ wá ìyàwó gidi kan, òun ò tún sunkún fún ẹ̀wù mọ́. Àwọn ẹran gbígbẹ tí mo fi ránṣẹ́ yìí, tìrẹ ni èyí tó gùn, ti Tíṣà Ouyang ni èyí tó lọ́ràá, sọ fún un pé nítorí egungun tá a ní ó jẹ ni. Ata wà nínú ìgò, sọ fún un pé kó mu omi sí i, a ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ọmọ Màmá Xiang tó ń wa ọkọ̀ tíì ló gbé gbogbo rẹ̀, má jẹ́ kó lọ láìjẹun.

Ní ti fóònù, mi ò fẹ́ ni ọ́ lára, ọmọ ilé ìwé ni ọ́, ṣùgbọ́n bí owó díẹ̀ bá yọ lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, ká lè ra èyí tí wọ́n ti lò rí, màá so ó mọ́ ọrùn. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì pín ẹran lópin ọdún, gba tiwa pẹ̀lú, nítorí mi ò tíì rí ẹgbẹ́ tí kì í pín nǹkan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì mú mi jókòó kọ ìwé yìí lónìí. Dayong pe fóònù Shuangmei láàárọ̀. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ gba èèyàn síbi àyè tóun fi pamọ́ yẹn, ṣé Qiuyue ń bọ̀ àbí kò bọ̀, kí àwa òbí rẹ̀ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, òun ò lè dúró mọ́. Shuangmei gbé fóònù náà sáré wá bá wa láàárín oko. Mo ní ká bi ọ́ ná, mo ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu wa, ìwọ lo ni ayé rẹ, mò ń sọ, mò ń sọ, ojora ti mú mi. Bàbá rẹ na ọwọ́, ó gba fóònù. Mo rò pé orí ló máa mì sí i. Ó gbé e sẹ́nu, ó ní:

“Kò ráyè. Ó ti wọ ẹgbẹ́.”

Ó dá fóònù padà fún Shuangmei, ó ń já tíì rẹ̀ lọ.

Nítorí náà àyè yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá ti ṣe ohun tí o ò fẹ́, bàbá rẹ ni kó o bú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni kó o fi bú u, kó má baà dùn ún, kó sì lè máa yangàn lẹ́nu ọ̀nà abúlé pé ọmọ òun bú òun ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ahọ́n rẹ máa fúyẹ́, kí etí rẹ máa là, kí ìwé tó o bá ṣí máa ṣí fún ọ, kí ọjọ́ ìdánwò bá ọ níbi tó o ti ń rẹ́rìn-ín, kí àwọn tó ṣáájú rẹ nílé Ran jókòó tì ọ́, bí wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ò ń sọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tan Yinxiu